Rúlà ni kí ẹ gbà gbọ́, kì í ṣe ohun tí wọ́n kọ sára páálí

Lóṣù yìí, ọ̀rọ̀ kan náà ló wà nínú èyí tó pọ̀ jù lára lẹ́tà tó dé ọ̀dọ̀ wa: bí oníṣẹ́ módẹ́ẹ̀lì ṣe lè mú nǹkan tí wọ́n ti ṣe sílẹ̀ lọ́jà, kó gé e, kó tún un ṣe, kó sì fi gba ọ̀nà àbùjá. A kó mẹ́fà jọ síbí. Kí ẹ tó kà á, ẹ wá rúlà onímìlímítà kan, tàbí kálípà bí ẹ bá ní in, nítorí ìṣirò kan ṣoṣo ni gbogbo ìdáhùn wa dúró lé. Ẹ wọn ẹ̀yà tó wà lọ́wọ́ yín, ẹ fi nọ́ńbà sìkéèlì yín (50 ni nínú 1/50) sọ ọ́ di púpọ̀. Ohun tí ẹ bá rí ni bí nǹkan náà ṣe máa tóbi tó lójú ayé. Igi tó fẹ̀ ní 2 mm jẹ́ òpó 100 mm nínú módẹ́ẹ̀lì 1/50. Nínú 1/24, páìpù 48 mm ni igi yẹn kan náà.

“Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú. Mò ń kọ́ agboolé Ìbàdàn kan ní sìkéèlì 1/50, ilé mẹ́fà, onípáànù ni gbogbo wọn. Mo lo páálí tó ní ìlà-ìlà nínú, ìlà rẹ̀ tóbi jù, ó sì ń wú nígbà òjò. Páànù módẹ́ẹ̀lì tó ń ti òkè òkun wá ti wọ́n jù fún mi. Kí ni ṣíṣe?” (Òǹkàwé kan, Mọ́kọ́lá, Ìbàdàn)

Ẹ fi páálí sílẹ̀. Ẹ lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń ta bóòtù àti nọ́ọ̀tù, kí ẹ ní kí wọ́n gé ọ̀pá oní-tírẹ́ẹ̀dì M10 fún yín, kó gùn tó 20 cm. Irin yẹn ni máa di ẹ̀rọ tí ẹ fi ń ṣe páànù.

Ìdí rẹ̀ nìyí. Lára páànù gidi, láti orí gegele kan sí orí èkejì jẹ́ íǹṣì mẹ́ta, ìyẹn 76 mm. Ẹ fi 50 pín in, ó di 1.52 mm. Láti eyín kan sí èkejì lára M10 tó wọ́pọ̀ lọ́jà, 1.5 mm ni. Ẹni tó ń kọ́ tirẹ̀ ní 1/72 á béèrè M6, tí eyín rẹ̀ jẹ́ 1 mm. Ẹni tó ń ṣe 1/35 á gba M16, 2 mm. Ẹni tó ń ṣe 1/24 á gba M24, 3 mm. M10 míì wà tí eyín rẹ̀ wẹ́, 1.25 mm tàbí 1 mm, nítorí náà ẹ gbé rúlà lé e kí ẹ tó sanwó: eyín mẹ́wàá gbọ́dọ̀ gba 15 mm.

Fóìlì tó dára jù fún un ni ti abọ́ pẹlẹbẹ tí àwọn olóúnjẹ fi ń di ìrẹsì fún ẹni tó fẹ́ gbé e lọ sílé. Fóìlì tí wọ́n ń ká bíi bébà fẹ́lẹ́ jù, á ya. Agolo mínírà le jù, bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, á tún nà padà. Ẹ gé ìsàlẹ̀ abọ́ náà, kí ẹ fi ẹ̀yìn ṣíbí fà á lórí gíláàsì títí á fi tẹ́jú. Ẹ tẹ́ ẹ sórí rọ́bà tó rọ̀ díẹ̀. Àtẹ́lẹ̀ sílípáàsì tó ti gbó dára púpọ̀. Ẹ gbé ọ̀pá M10 lé e, ẹ fi pákó pẹlẹbẹ lé ọ̀pá náà, kí ẹ wá fi ọwọ́ méjèèjì tẹ pákó mọ́lẹ̀ gidigidi bí ẹ ṣe ń yí ọ̀pá lọ síwájú. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni o. Bí ẹ bá yí i lọ yí i bọ̀, ọ̀pá á yọ̀ díẹ̀, ìlà tuntun á sì gun orí ti àkọ́kọ́.

Ohun kan máa ń da àwọn èèyàn láàmú níbí. Ìlà tó bá jáde kò ní bá etí fóìlì dọ́gba. Á ya sẹ́gbẹ̀ẹ́ ní nǹkan bíi digírì mẹ́ta, nítorí eyín bóòtù kì í ṣe òrùka, ńṣe ló ń yí gun ara ọ̀pá lọ. Kò sí àléébù níbẹ̀. Ìlà ni kí ẹ tẹ̀ lé bí ẹ bá ń gé e, ẹ má tẹ̀ lé etí fóìlì.

Ẹ má sì fi odidi fóìlì kan bo òrùlé. Ohun tó ń mú òrùlé Ìbàdàn dà bí ara rẹ̀ ni pé ojú ń rí páànù kọ̀ọ̀kan, èyí tó ti pọ́n, èyí tó ti dúdú, àti èyí tuntun kan tí wọ́n fi dí ibi tó ń jò. Páànù ẹsẹ̀ bàtà mẹ́jọ, tó fẹ̀ ní íǹṣì 26, á di 49 mm sí 13 mm. Ẹ gé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ kun wọn lọ́kọ̀ọ̀kan ní oríṣi àwọ̀ ìpẹtà mẹ́ta tàbí mẹ́rin kí ẹ tó lẹ̀ wọ́n, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ òrùlé lọ sókè, kí ti òkè gun ti ìsàlẹ̀ ní 3 mm, kí gegele kan sì gun ara wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́. Apá òrùlé kan tó gùn ní 180 mm, tó sì ga ní 100 mm, á gba ìlà mẹ́rìndínlógún ní ìbú àti mẹ́ta ní gíga, ìyẹn páànù 48. Ilé alápá méjì á gba 96. Ẹ kà á dáadáa kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, nítorí abọ́ oúnjẹ tí ilé mẹ́fà máa jẹ kò kéré.

Gúlúù funfun káfíńtà kì í di alumíníọ́mù mú. Ó máa ṣí bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé. Gúlúù yẹ́lò tí àwọn oníbàtà ń lò ni kí ẹ fi lẹ̀ ẹ́. Ẹ kàn rí i pé ohun tó wà lábẹ́ òrùlé kì í ṣe fóòmù funfun, torí gúlúù oníbàtà máa ń yọ́ ọ. Kí ẹ tó kun ún, ẹ fi ọṣẹ fọ òróró oúnjẹ kúrò lára fóìlì, ẹ sì fi sáńpépà wẹ́wẹ́ ra ojú rẹ̀ díẹ̀ kí ọ̀dà lè rí ibi dì mú.

“Ẹ kú làálàá o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Bàbá mi fi ọ̀pọ̀ ọdún wa danfo ní Ọ̀ṣòdì, wọ́n máa pé ẹni àádọ́rin ọdún lọ́dún tó ń bọ̀. Mo ra bọ́ọ̀sì Volkswagen T2 onírin tí wọ́n kọ 1/24 sí, mo fẹ́ sọ ọ́ di danfo fún wọn. Níbo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?” (Òǹkàwé kan, Peckham, Lọ́ńdọ̀nù)

Ẹ bá wa kí bàbá o. Ẹ dojú bọ́ọ̀sì náà dé, kí ẹ wọn láti àárín táyà iwájú sí àárín táyà ẹ̀yìn. Lára T2 gidi, 2400 mm ni, nítorí náà ní 1/24 ó gbọ́dọ̀ jẹ́ 100 mm gẹ́lẹ́. Bí tiyín bá jẹ́ 96 mm, 1/25 lẹ rà, ohun yòówù kí páálí rẹ̀ máa sọ. Kò bà jẹ́. 25 ni kí ẹ kàn máa fi ṣe ìṣirò tó kù. Ìṣirò tí a ṣe sísàlẹ̀ yìí, 24 la fi ṣe é.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wo ilẹ̀kùn tí wọ́n ń fà. Láti ọjọ́ 2 oṣù kẹrin ọdún 1972 ni ọkọ̀ ti ń gba apá ọ̀tún títì ní Nàìjíríà: awakọ̀ ń jókòó lápá òsì, ilẹ̀kùn èrò wà lápá ọ̀tún. Bọ́ọ̀sì tí wọ́n ṣe fún títì Bìrìtéènì, òdìkejì ni. Bó bá jẹ́ irú rẹ̀ lẹ rà, ìmọ̀ràn wa ni pé kí ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Ó ṣeé tún ṣe lóòótọ́: ẹ ó dí gbogbo ìlà ilẹ̀kùn òsì, ẹ ó fi ẹ̀yìn bíléèdì fa òmíràn sápá ọ̀tún, ẹ ó gbẹ́ ojú irin tí ilẹ̀kùn ń gbà sẹ́yìn, ẹ ó sì gbé ìdarí kọjá. Iṣẹ́ bí ọ̀sẹ̀ kan nìyẹn, bẹ́ẹ̀ bọ́ọ̀sì míì tí ìdarí rẹ̀ wà lósì á gbà yín lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀nà àbùjá tó dára máa ń bẹ̀rẹ̀ láti ibi ríra nǹkan.

Rívẹ́ẹ̀tì ló so ara ọkọ̀ mọ́ ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ẹ fi díríìlì 4 mm lu orí rívẹ́ẹ̀tì nìkan, díẹ̀díẹ̀, títí orí náà á fi já. Ẹ má jẹ́ kó wọlé jìn, nítorí òpó tó wà nísàlẹ̀ ibẹ̀ lẹ máa lu ní ihò 1.5 mm láti fi skúrúù 2 mm dì í padà. Ẹ fi gíláàsì ààbò bojú. Ẹ kó gbogbo rọ́bà àti gíláàsì kúrò kí oògùn tí wọ́n fi ń ṣí ọ̀dà tó kan ara irin náà. Àdàpọ̀ síǹkì ni irin yẹn, nítorí náà ẹ má gbìyànjú kọ́sítíìkì sódà: ó máa ń jẹ síǹkì, ara bọ́ọ̀sì á dúdú, á sì lu ihò wẹ́wẹ́.

Irin tó ti mọ́, ọ̀dà ọkọ̀ gidi lè lọ sára rẹ̀. Puráímà, lẹ́yìn rẹ̀ funfun, lẹ́yìn rẹ̀ yẹ́lò. Ẹ má fo funfun o. Yẹ́lò kì í bo ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀. Bó bá bọ́ sórí puráímà aláwọ̀ eérú, ńṣe ló máa dà bí ewé tó fẹ́ rọ. Ìlà dúdú méjì ẹ̀gbẹ́ ló máa kẹ́yìn. Bí ẹ bá ti lẹ téèpù tán, ẹ kọ́kọ́ fọ́n yẹ́lò tín-ín-rín sí etí téèpù, kó gbẹ, kí ẹ tó fọ́n dúdú. Bí ọ̀dà bá máa yọ́ wọ abẹ́ téèpù, yẹ́lò ló máa wọ̀ ọ́, ojú ò sì ní rí i. Ṣùgbọ́n ẹ má fọ́n ọ̀dà ọkọ̀ yìí sára bọ́ńpà onírọ́bà. Tínà inú rẹ̀ ń jẹ polystyrene, ojú rẹ̀ á wú bí ìleròrò. Ọ̀dà olómi, acrylic, ni ti rọ́bà.

Táyà ló máa ń tú àṣírí iṣẹ́. Táyà T2, 185R14, ga ní nǹkan bíi 650 mm, nítorí náà ní 1/24 ẹ nílò 27 mm ní gíga, kó sì fẹ̀ tó 7.7 mm. Rímù rẹ̀ á jẹ́ 14.8 mm. Bí táyà tó bá ọkọ̀ wá bá jẹ́ 25 mm, táyà 600 mm ni, bọ́ọ̀sì á dà bíi pé ó jókòó sílẹ̀. Ẹ wá táyà lára kíìtì míì (módẹ́ẹ̀lì tí wọ́n ń tà ní ẹ̀yà-ẹ̀yà kí ẹni tó rà á tò ó pọ̀), ì báà jẹ́ ti jíìpù, ì báà sì jẹ́ sìkéèlì mìíràn, bí nọ́ńbà mẹ́ta yìí bá ti bá a mu. Bí rímù bá wá nínú kóróòmù tó ń dán, ẹ rì í sínú Jik. Kóróòmù yẹn, alumíníọ́mù fẹ́lẹ́ ni, Jik á jẹ ẹ́ kúrò láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan sí wákàtí mélòó kan, á sì fi rọ́bà sílẹ̀ láìbà á jẹ́. Bí ẹ bá lẹ gúlúù lé kóróòmù lórí, kóróòmù ni gúlúù dì mú, kì í ṣe rọ́bà, ó sì máa ṣí. Ẹ má ṣe da Jik pọ̀ mọ́ oògùn ìfọ-ṣáláńgá tàbí ohunkóhun tó ní ammonia. Afẹ́fẹ́ tó máa jáde níbẹ̀ léwu fún ẹ̀dọ̀fóró.

Iná iwájú T2 fẹ̀ ní íǹṣì méje, ìyẹn 7.4 mm. Wọ́n sábà máa ń fi sítóònù tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ léèsì ṣe é, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ tó ní igun púpọ̀ ń tan bí òrùka ìyàwó. Ìdì oògùn oníhóró ló dára: ibi róbótó tí hóró kọ̀ọ̀kan jókòó sí ti rí bíi gíláàsì iná, fóìlì ẹ̀yìn rẹ̀ sì ń dá ìmọ́lẹ̀ padà. Ẹ yan hóró tó sún mọ́ 7.5 mm, ẹ gé e yípo.

Fún káríà orí ọkọ̀, ẹ bọ́ awọ wáyà iná ilé. Wáyà oníhóró kan ti 1 mm² nípọn ní 1.13 mm, ìyẹn páìpù 27 mm ní 1/24, ti 1.5 mm² jẹ́ 1.38 mm, páìpù 33 mm, ti 2.5 mm² jẹ́ 1.78 mm, páìpù 43 mm. Bàbà yìí kì í tọ́ bí ẹ bá fi ọwọ́ nà án. Ẹ fi báìsì di orí kan mú, ẹ fi páláyà fa orí kejì títí ẹ ó fi gbọ́ ọ pé ó nà díẹ̀. Á tọ́ bí ọfà, á sì le sí i. Bẹ́ǹṣì inú ọkọ̀, ẹ fi igi pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ń ro kọfí gé e. Ó fẹ̀ ní 5 sí 6 mm, èyí tó jẹ́ pákó 120 sí 144 mm.

“Súpà gúlúù mi máa ń sọ gíláàsì di funfun bí ìkùukùu. Ìdérí ìgò tí mo fi ṣe táǹkì omi pẹ̀lú, kò gba gúlúù kankan.” (Òǹkàwé kan, Òṣogbo)

Èéfín súpà gúlúù ló ń gbẹ sára gíláàsì, ó sì máa ń burú sí i bí ẹ bá ti ara ọkọ̀ pa kí èéfín náà tó jáde. Gúlúù funfun káfíńtà ni ti gíláàsì: ó ń gbẹ mọ́, ohun tó bá ṣẹ́ kù, aṣọ tútù á nù ún. Gíláàsì tó ti funfun, ẹ fi ọṣẹ ìfọyín ra á lórí aṣọ òwú.

Ní ti ìdérí ìgò, ẹ ju ègé rẹ̀ kan sínú omi. Bó bá léfòó, polythene tàbí polypropylene ni, kò sì sí gúlúù inú àpótí yín tó máa dì í mú. Ẹ lu ihò sí i, kí ẹ fi wáyà kàn án bí ìṣó. Bó bá rì díẹ̀díẹ̀, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ polystyrene tàbí ABS, gúlúù kíìtì tó ń yọ́ rọ́bà á so ó pọ̀, bí ẹ bá ti ha ọ̀dà kúrò lójú méjèèjì tó máa kanra. Résìn (ohun olómi tí wọ́n ń dà sínú àdàkọ kó lè le), idẹ àti síǹkì, súpà gúlúù tàbí epoxy oníkòkò méjì ni tiwọn. Gúlúù kíìtì kì í yọ́ wọn, kò sì ní dì wọ́n mú.

“Mo fẹ́ ṣe ọkọ̀ ojú irin àtijọ́ tó ń gba Láfẹ́ńwá kọjá. Mo ra ojú irin HO, mo sì ra ẹ́ńjìnnì kan. Ẹnì kan wá sọ pé ojú irin wa kò fẹ̀ tó ti HO. Ṣé owó mi ti wọ̀gbẹ́ ni?” (Òǹkàwé kan, Abẹ́òkúta)

Rárá o. Ẹ yí sìkéèlì yín padà, kí ẹ fi ojú irin sílẹ̀ bó ṣe wà.

Irin HO jìnnà síra ní 16.5 mm. HO jẹ́ 1/87. Ẹ fi 87 sọ ọ́ di púpọ̀, ó di nǹkan bíi 1435 mm, èyí tó jẹ́ ti ojú irin tuntun Èkó sí Ìbàdàn gẹ́lẹ́. Ṣùgbọ́n ojú irin àtijọ́ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ́ láti Iddo ní 1896, ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta àti íǹṣì mẹ́fà ni, 1067 mm. Bí ẹ bá kọ́ ọkọ̀ yín ní 1/64, 16.5 mm yẹn di 1056 mm. Ohun tó kù kò tó ìdá márùn-ún mìlímítà kan lára módẹ́ẹ̀lì. Bí àwọn oníṣẹ́ módẹ́ẹ̀lì ní New Zealand àti Queensland ṣe ń ṣe nìyẹn, nítorí 1067 mm ni tiwọn náà. Sn3½ ni wọ́n ń pè é. Ojú irin, súwíìṣì (ibi tí ojú irin ti ń pínyà) àti mọ́tò, gbogbo rẹ̀ ni ẹ lè rà ní HO. Ara ọkọ̀ nìkan lẹ máa fi ọwọ́ kọ́.

Bóyá ẹ máa rò pé ibẹ̀ ló parí sí. Kò tíì parí, torí ojú irin HO ní àṣìṣe méjì tó ń hàn ní 1/64. Àkọ́kọ́, igi abẹ́ rẹ̀ kúrú, ó sì súnmọ́ra jù. Ẹ fi bíléèdì gé ìsopọ̀ rọ́bà tó wà lábẹ́ irin, kí ẹ tú igi náà ká, kó jẹ́ 10 sí 11 mm láti àárín ọ̀kan sí èkejì, kí ẹ sì fi òkúta wẹ́wẹ́ bo orí rẹ̀ kí kíkúrú rẹ̀ má hàn. Ìkejì, irin code 100 ga ní 2.54 mm, èyí tó jẹ́ 163 mm lójú ayé, ó ga jù. Code 75 jẹ́ 1.9 mm, nǹkan bíi 122 mm, ó sún mọ́ òtítọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ẹ kò bá tíì ra púpọ̀, ẹ ra èyí.

Ní ti ẹsẹ̀ wágọ́ọ̀nù, ẹsẹ̀ HO tó wọ́pọ̀, 10.5 mm, á di 672 mm, ó kéré. Ẹ lo ẹsẹ̀ wágọ́ọ̀nù OO, sìkéèlì ọkọ̀ ojú irin ti Bìrìtéènì, 12.6 mm, tó di 806 mm. Ti kóòṣì jẹ́ 14 mm, ó di 896 mm. Ojú irin kan náà ni OO àti HO ń lò, nítorí náà á wọ̀ ọ́. Ásùlù OO gùn ní 26 mm, orí rẹ̀ sì ṣe ṣóńṣó. Bí ẹ bá ń gé fírémù bógì HO (èyí tó di ẹsẹ̀ ọkọ̀ mú lábẹ́) láti fi ṣe tiyín, ẹ là á ní àárín, kí ẹ fi ègé rọ́bà pẹlẹbẹ fẹ̀ ẹ́ sí i títí ásùlù á fi máa yí láìmì. Ní ti ẹ́ńjìnnì, ẹ wọn àárín ẹsẹ̀ méjì inú bógì kan. Bógì ẹlẹ́sẹ̀ méjì ti ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì Amẹ́ríkà, tó jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà mẹ́sàn-án lójú ayé, jẹ́ 31.5 mm ní HO. Ní 1/64 ó di 2016 mm. Ẹ gbé nọ́ńbà yìí sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán ẹ́ńjìnnì tí ẹ fẹ́ ṣe kí ẹ tó gé ohunkóhun.

Mọ́tò kéékèèké tí wọ́n ń tà fún ọmọdé, tí wọ́n kọ 1/64 sí, wúlò fún iwájú ìsọ rélùwéè yín, ṣùgbọ́n kí páálí bàa lè gba gbogbo wọn ni wọ́n ṣe máa ń ṣe wọ́n dọ́gba. Ọkọ̀ tó gùn ní 4.4 m gbọ́dọ̀ jẹ́ 69 mm. Lọ́rì tó jẹ́ 75 mm kì í ṣe lọ́rì 1/64. Ẹ gbé e lọ sí ẹ̀yìn pátápátá, níbi tí ojú á ti rò pé ó jìnnà ni.

“Ọ̀rẹ́ mi ní ẹni tó bá ra ẹ̀yà lọ́jà kò ṣe módẹ́ẹ̀lì, ó kàn to nǹkan pọ̀ ni. Kí lẹ rí sí i?” (Òǹkàwé kan, Ìlọrin)

A kò bá a gbà. Àwọn tó kọ́ ọkọ̀ òfuurufú fún fíìmù Star Wars (1977) nínú ilé iṣẹ́ wọn ní Van Nuys, ní Kalifóníà, ẹ̀yà kíìtì ọkọ̀ ogun, bàlúù àti mọ́tò ni wọ́n gé tí wọ́n sì lẹ̀ mọ́ ara rẹ̀ láti òkè délẹ̀. Ohun tó sọ ọ́ di iṣẹ́ wọn ni yíyàn: èwo ló máa lọ níbo, èwo ni wọ́n máa dojú rẹ̀ dé kí ẹnikẹ́ni má bàa mọ̀ ọ́n mọ́. Bí ọ̀rẹ́ yín bá lè wo módẹ́ẹ̀lì yín kó nàka sí ẹ̀yà kan pé “ara kíìtì báyìí lèyí ti wá,” ó ní ẹjọ́ kan lọ́wọ́. Ẹ gé orí ẹ̀yà náà, ẹ dí ihò tí kò wúlò, ẹ ha nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sára rẹ̀ kúrò, kí ẹ sì fọ́n puráímà kan náà sára gbogbo iṣẹ́ kí ojú ìsopọ̀ lè fara hàn fún àtúnṣe kí ọ̀dà tó dé.

“Ẹ̀yin ọ̀gá wa, mò ń kọ́ ilé àwọn Àgùdà kan ní Pópó Àgùdà, Èkó, ní 1/50, fún iṣẹ́ àṣekágbá. Òpó kéékèèké tó lé ní ọgọ́ta ló wà lára ọ̀dẹ̀dẹ̀ òkè. Ṣé kí n ṣe ẹyọ kan kí n fi résìn da ìyókù?” (Akẹ́kọ̀ọ́ kan, Àkúrẹ́)

Résìn fún ọgọ́ta òpó tín-ín-rín jẹ́ ìyà lásán. Ìdajì rẹ̀ á kán bí ẹ ṣe ń yọ ọ́. Ẹ ra igi ìtayín, irú èyí tí orí rẹ̀ kan ṣe ṣóńṣó, tí wọ́n sì gbẹ́ òrùka-òrùka sí orí kejì. Ó nípọn ní nǹkan bíi 2 mm, ìyẹn 100 mm lójú ayé, òrùka yẹn sì ti rí bí òpó tí káfíńtà yí lórí ẹ̀rọ. Ẹ gé 14 mm láti orí olórùka, ó di òpó 700 mm. Ẹ ṣe 75, torí àwọn kan á là.

Kí gbogbo rẹ̀ lè dọ́gba, ẹ lẹ ègé igi kékeré kan mọ́ pákó, kí ẹ fa ìlà sí 14 mm sí i. Ẹ ti orí ìtayín kan igi náà, kí ẹ gé e lójú ìlà. Bíléèdì ni kí ẹ fi yí i gé, ẹ má fi síṣọ́ọ̀sì, nítorí síṣọ́ọ̀sì ń tẹ igi fọ́. Àlàfo wọn, ẹ gba veroboard, pátákó oníhò tí wọ́n ń to ẹ̀yà rédíò sí, lọ́wọ́ àwọn tó ń tún rédíò ṣe. Ihò rẹ̀ jìnnà síra ní 2.54 mm, bí ẹ bá ń fo ihò kan, ó di 5.08 mm, òpó kan ní gbogbo 254 mm lójú ayé. Ẹ gbé e lé igi ìfọwọ́lé, ẹ fi abẹ́rẹ́ gún àmì gba inú ihò rẹ̀, kí ẹ wá máa lẹ òpó lé àmì. Ẹ fi gúlúù funfun tí ẹ pò mọ́ omi kun igi náà lẹ́ẹ̀kan, kó gbẹ, kí ẹ fi sáńpépà wẹ́wẹ́ ra á, kí irun igi má bàa hàn lábẹ́ ọ̀dà.

Ibi tí résìn ti wúlò ni ọ̀ṣọ́ ńlá tó wà lórí òpó ìsàlẹ̀, tí ẹ nílò bí mẹ́fà sí mẹ́jọ. Bí ẹ bá rí ẹ̀yà tó jọ ọ́ lára férémù àwòrán tàbí ara ìdè aṣọ ìbora fèrèsé, ẹ tún un gbẹ́, kí ẹ fi sílíkónì ṣe àdàkọ rẹ̀ fún iṣẹ́ yín. Kíkọ ẹ̀yà tí iléeṣẹ́ míì ṣe, kí ẹ wá máa tà á, ìyẹn kò tọ́, ẹ má ṣe é. Amọ̀ ọmọléèwé tó ní imí ọjọ́ kì í jẹ́ kí sílíkónì oní-platinum dì. Ibi tó bá ti kan amọ̀ náà á máa lẹ̀ mọ́wọ́ títí. Ẹ lo sílíkónì oní-tin, tàbí kí ẹ wá amọ̀ tí kò ní in. Résìn polyurethane náà kò fẹ́ omi: ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ ń mú un hó, ihò wẹ́wẹ́ á sì kún inú rẹ̀. Ẹ má da á nígbà tí òjò bá ń rọ̀, ẹ dé ìgò méjèèjì ní kété tí ẹ bá ti da èyí tí ẹ fẹ́ lò, kí ẹ sì fi ìyẹ̀fun pọ́ńdà ra inú àdàkọ kí ẹ tó da á, kí résìn lè ṣàn dé gbogbo kọ̀rọ̀ kó tó le.